Ìgbà wo lẹ máa ṣí láàbù yẹn?

Ẹ̀yin tíṣà kẹ́mísìrì, ọ̀rọ̀ yín ló wà lẹ́nu mi láàárọ̀ yìí o. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní SS2 wá lo hólídè lọ́dọ̀ wa, mo ní kó gbé nóòtì ẹ̀ wá kí n wò ó. Ẹ wo nóòtì! Ó ya búrẹ́ẹ̀tì, ó ya pìpẹ́ẹ̀tì, àwọn irinṣẹ́ láàbù, ó fi rúlà fa gbogbo ẹ̀ gún régé, tíṣà sì fi bírò pupa kọ "very good" sí i. Mo ní àwọ̀ wo ni methyl orange, èròjà tí wọ́n fi ń dá ásíìdì àti álíkálì mọ̀, máa ń ní nínú ásíìdì, kíá ló ní pupa, nínú álíkálì ńkọ́, ó ní yẹ́lò. Mo ní ṣó o ti fojú rí i rí? Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Big mọ́mì, níbo?" Láàbù wà níléèwé wọn o, títì ló wà, àwọn SS3 nìkan ni wọ́n máa ń ṣí i fún, ìyẹn tí WAEC bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ẹ má sọ fún mi pé kò sówó, ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi. Lọ́dún 2013 ìjọba Ọ̀ṣun gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, ìyẹn tábúlẹ́ẹ̀tì ìkẹ́kọ̀ọ́, jáde fáwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, ìwé wà nínú ẹ̀, ìbéèrè WAEC àti JAMB àtẹ̀yìnwá wà nínú ẹ̀, mi ò bú u, àmọ́ èyí tí mò ń wí yìí, ọmọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ dà á pọ̀ ni.

Mo bá mú ọmọ yìí wọ kíṣìnì. A se ìṣápá pupa tá a fi ń ṣe zobo, a jẹ́ kó tutù, a pín in sínú ife méjì. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́, tó jẹ́ ásíìdì, sí ọ̀kan, ó pọ́n fòò. Ó da omi káún, tó jẹ́ álíkálì, sí ìkejì díẹ̀díẹ̀, pupa yẹn bá pòórá, ó di àwọ̀ aró, ó tún ń ṣe bíi gíríìnì. Ariwo tọ́mọ yìí pa! Ló bá ń wá nǹkan míì kiri, fínígà, omi ọṣẹ, àfìgbà tí mo lé e kúrò nídìí ọṣẹ ìfọṣọ mi.

Inú mi ò gbà á, mo pe tíṣà wọn lórí fóònù. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ẹ ṣeun mà. Àwọn ọmọ kíláàsì yẹn lé ní 80, ìṣẹ́jú 40 ni pírídì kan, ife mélòó la fẹ́ kó jọ? Èmi nìkan náà ni mo ni SS1 dé SS3. Tí mi ò bá wá parí scheme, ẹ̀yin òbí náà lẹ máa fẹjọ́ mi sun prínsípà." Ẹnu mi wọhò, torí àbúrò mi tó bí ọmọ yìí gan-an ti lọ bá wọn fa wàhálà rí pé nóòtì ọmọ òun ò pé.

Mo ṣì ní kí wọ́n ṣí láàbù yẹn o. Àmọ́ ọmọ 80, pẹ̀lú tíṣà kan ṣoṣo, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?