Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú: ọ̀rọ̀ fẹ́ni tó fẹ́ lọ tọ́jú ọmọ tébi ti hàn léèmọ̀

Àwọn àgbà ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹni tó ń kánjú là la sábà máa ń pa òwe yìí fún, àmọ́ ibi tó ti bá a mu jù lójú tèmi ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké tí àìjẹunrekánú ti fẹ́ẹ́ pa láwọn abúlé bíi ti Niger àti South Sudan, àti àwa tí àánú wọn ń ṣe tá a fẹ́ gbéra lọ yọ̀ǹda ara wa.

Torí àánú máa ń kánjú. Ẹ máa rí ọmọ ọdún méjì tí egungun ìhà ẹ̀ ṣeé kà, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn ni pé ẹ gbóúnjẹ wá kó jẹ kó yó. Àjẹyó yẹn lè pa á o. Ara tébi ti ń jà látọjọ́ pípẹ́ ti dín iṣẹ́ kù fúnra ẹ̀, ọkàn ò lágbára, kíndìnrín ń falẹ̀, tí oúnjẹ gidi bá wá ya wọlé lójijì, àwọn èròjà bíi potassium àti phosphate á sá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn lè daṣẹ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi mílíìkì F-75 bẹ̀rẹ̀ fún èyí tó ti le lára ẹ̀, kálórì 75 péré ló wà nínú mililítà 100, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á sì máa fún un ní wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, tọ̀sán tòru. Ìgbà tára bá balẹ̀ tí ọmọ ń wá oúnjẹ fúnra ẹ̀ ni wọ́n tó ń bọ́ sí F-100, mílíìkì tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, tàbí ẹ̀pà lílọ̀ inú sáṣẹ́ẹ̀tì yẹn, Plumpy'Nut.

Òru yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Súgà ara ọmọ báyìí lè já wálẹ̀ lóru, ara ẹ̀ á tutù, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti lọ. Ẹni tó jí ìyá ẹ̀ láago méjì òru, tó bá a di kọ́ọ̀bù mú kí ọmọ máa mu ún díẹ̀díẹ̀, tó rí i pé ọmọ lẹ̀ mọ́ àyà ìyá ẹ̀ lábẹ́ aṣọ kó lè móoru, onítọ̀hún ti ṣe bẹbẹ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa ya fótò ẹ̀.

Dírípù ńkọ́? Lọ́dún 2011, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní FEAST jáde, Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tànsáníà ni wọ́n ti ṣe é, àwọn ọmọ tí ibà líle ń ṣe tí ẹ̀jẹ̀ ò sì ṣàn dáadáa lára wọn, àwọn tí wọ́n yára da omi sí lára kú ju àwọn tí wọn ò dà á sí lára lọ. Wọn ò tiẹ̀ mú ọmọ tí àìjẹunrekánú ẹ̀ le mọ́ ọn! Tó bá ya àwọn dókítà lẹ́nu, kí la wá fẹ́ sọ nípa ẹni tó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì níbi iṣẹ́ báńkì, tó débẹ̀ tó ń di abẹ́rẹ́ mú torí pé kò sẹ́ni tó béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹ̀?

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ọmọ tó ní kwashiorkor, ìyẹn àìjẹunrekánú tó ń mú kára wú, lè lẹ́rẹ̀kẹ́ kìbìtì, àlejò á ní eléyìí mà ti ń sanra. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ á fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, tó bá gbé e kúrò, ojú ibẹ̀ á jin sínú. Omi ni. Tí ìtọ́jú bá wá ń ṣiṣẹ́, ọmọ á kọ́kọ́ fúyẹ́ sí i lórí òṣùwọ̀n, àlejò á tún figbe ta pé wọ́n ń febi pa á.

Ẹ má sì fojú kéré àwọn ìyá. Ní Niger wọ́n ti kọ́ wọn láti máa fi tépù aláwọ̀ mẹ́ta wọn apá ọmọ wọn nílé, tó bá ti bọ́ sí pupa, ìyẹn tí ò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, wọ́n á gbé e wá, wọ́n sì mọ̀ ọ́n wọ̀n. Ọmọ tó ṣì ń jẹun, tí àìsàn míì ò sí lára ẹ̀, ilé ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀ báyìí, kí wọ́n ṣáà máa wá gba sáṣẹ́ẹ̀tì déédéé.

Tẹ́ ẹ bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ọmọdé, ẹ lọ, àmọ́ ẹ fi oṣù lọ, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ lọ. Àwa yòókù, sítóò wà níbẹ̀ tó ń fẹ́ ẹni tó máa ka sáṣẹ́ẹ̀tì kó má tán láìròtẹ́lẹ̀, ìwé wà láti kọ. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ owó ọkọ̀ òfuurufú yín ni wọ́n nílò jù, torí ìyá tó wà lọ́sibítù pẹ̀lú ọ̀kan ní mẹ́ta míì nílé, òun náà ń fẹ́ oúnjẹ, ó ń fẹ́ owó ọkọ̀, tí ò bá sì rí i, á gbé ọmọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kí ara ẹ̀ tó yá.