Ẹ Gbé Tiúbù Yìí Kúrò Lórí Àtẹ

Bí ẹ bá gba inú ọjà Balógun kọjá sí Ìdúmọ̀tà, ẹ ó rí àwọn tó ń po ìpara ìbóra. Ike ńlá kan, ìpara funfun nínú rẹ̀, tiúbù kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n á fún tiúbù kan sí i, wọ́n á fún èkejì sí i, wọ́n á ro ó pọ̀ bí ẹni ń ro àmàlà. Oníbàárà kì í sábà béèrè ohun tó wà nínú tiúbù. Clobetasol ló máa ń wà níbẹ̀, tàbí betamethasone: sítẹ́rọ́ìdì ni àwọn méjèèjì, oògùn gidi tí dókítà ń fún aláìsàn lò fún ìgbà díẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ojú á máa dán, ará ilé á máa yìn ín. Kó tó pẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á pọ́n, á máa ta á bíi pé ata ni wọ́n fi pa á, èélá á sì yọ yí ẹnu àti imú ká. Kòkòrò lè wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Demodex lorúkọ rẹ̀, kò gùn tó ìdajì mìlímítà, inú ihò irun ojú ló ń gbé. Àìmọ́tótó kọ́ ló kó o wá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àgbàlagbà tí kò ní in, ara wa ló ń kó o níjàánu. Sítẹ́rọ́ìdì ló ń tú ìjánu yẹn, tí kòkòrò fi ń pọ̀ sí i. Ẹni náà á rò pé ìrorẹ́ lásán ni, á tún fi ìpara kan náà pa á, ojú á sì rọlẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn rẹ̀ wà. Bó bá ní òun ò lò ó mọ́, á tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ló bá sáré padà sọ́dọ̀ ẹni tó pò ó.

A ò bá ẹni tó ń pa á wí, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹni tó ń tà á là ń bá wí. Lọ́dún 2023, NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, kéde pé bíbóra ti di ọ̀ràn pàjáwìrì fún ìlera. Síbẹ̀, tiúbù yìí ṣì wà lórí àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ àti àtíkè. Kí apòògùn nìkan máa tà á, fún ẹni tó bá mú ìwé dókítà wá. Kí NAFDAC sì máa yẹ ike àwọn tó ń po ìpara wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lò ó tipẹ́, ẹ má fi ìtìjú jókòó sílé. Dókítà awọ ara wà ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, wọ́n wà ní LASUTH, Ìkẹjà. Ẹ mú ike yẹn dání lọ, kí wọ́n rí ohun tẹ́ ẹ fi ń pa ojú.