Èrò Ọkàn Mi: Ẹ Má Fi Ariwo Bo Ayé Tí A Fi Ọ̀rọ̀ Kọ́

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ni géèmù kan tí mo ti ń gbá láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn bi gbogbo àwa eléré rẹ̀ léèrè bóyá kí òun ṣí ìkànnì ìtàkùrọ̀sọ kan, níbi tí ẹnikẹ́ni yóò ti lè bá gbogbo àwọn tó wà nínú géèmù sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ibi yòówù kí oníkálukú wà. Géèmù náà kò ní àwòrán. Ọ̀rọ̀ kíkọ ló fi ń sọ ibi tí o dúró sí fún ọ, ọ̀rọ̀ kíkọ ni ìwọ náà sì fi ń dá a lóhùn pé o fẹ́ gba ìhà àríwá lọ, pé o fẹ́ fa idà yọ, tàbí pé o fẹ́ dúró kí o fetí sí ohun tó ń lọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo dìbò pé kí wọ́n má ṣí i. Àwọn tí a jọ ń gbá a bi mí pé kí ló dé, nítorí wọ́n mọ̀ mí ní ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ìdáhùn mi sì gùn ju ohun tí mo lè sọ lójú ẹsẹ̀ lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ wà lọ́kàn mi ni pé a kò gbọ́dọ̀ fi géèmù ọlọ́rọ̀ wé géèmù aláwòrán nínú ọ̀ràn yìí. Nínú géèmù aláwòrán, igbó wà níbẹ̀ tí ojú rẹ ń rí i, òjò ń rọ̀, ẹṣin ń sáré, àpótí ìtàkùrọ̀sọ kékeré kan sì wà ní igun ìsàlẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti ń jiyàn. Bí àpótí yẹn bá kún dé ẹnu, igbó kò kúrò níbi tó wà. Nínú tiwa, ọ̀rọ̀ ni igbó, ọ̀rọ̀ ni òjò, ọ̀rọ̀ náà sì ni ẹṣin. Ohun kan ṣoṣo tí a fi kọ́ ayé náà ni ìtàkùrọ̀sọ yóò máa lò, ojú kan náà ni a óò sì fi ka méjèèjì. Ẹni tó bá da ọ̀rọ̀ ogójì ènìyàn sí àárín rẹ̀ ń kọ̀wé sórí ìwé tí ẹlòmíràn ń kà lọ́wọ́.

Mo rántí alẹ́ ọjọ́ kan nínú géèmù mìíràn tí mo gbá rí, èyí tó ní irú ìkànnì bẹ́ẹ̀. Mo ti tọ ipasẹ̀ ọmọbìnrin kan tó sọnù fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kànga gbígbẹ kan tí mo ti rí bàtà rẹ̀. Ẹni tó kọ ibẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ kọ: gbólóhùn kúkúrú kan, ìdákẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà gbólóhùn mìíràn, bí ẹni tó ń fọwọ́ tá ògiri nínú òkùnkùn. Láàárín gbólóhùn kejì sí ìkẹta, ẹnì kan tí kò mọ̀ pé mo wà láyé kígbe pé òun ní apata méjì fún títà, ẹlòmíràn fèsì pé owó rẹ̀ ti wọ́n jù, ẹnì kẹta sì bú àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọn yóò fi dákẹ́, gbólóhùn kẹta ti gòkè kọjá lójú kọ̀ǹpútà mi, mo sì ní láti fà á padà wá kí n tó mọ̀ pé ọmọ náà ti kú. Mo parí iṣẹ́ náà, mo gba èrè rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò sunkún, bẹ́ẹ̀ ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ kí n sunkún. Lóòótọ́, ǹ bá ti pa ìkànnì náà kí n tó wọ inú kànga. Ta ni í wá mọ̀ ṣáájú pé ibi tí òun fẹ́ wọ̀ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ yóò ti wúwo?

Àwọn tó fẹ́ ìkànnì náà ní èsì kan tí n kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní irú géèmù yìí ti ní igbe nínú láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Òótọ́ ni. MUD, géèmù ọlọ́rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń gbá lẹ́ẹ̀kan náà, tí Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní Yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1978, tí Richard Bartle sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó yá, ní àṣẹ tí ènìyàn fi lè kígbe kí gbogbo àwọn tó wà nínú géèmù gbọ́. Àwọn géèmù tó ti ara DikuMUD, géèmù irú kan náà tí wọ́n kọ ní Copenhagen ní ilẹ̀ Denmark, jáde ní àwọn ọdún 1990 tún ní ìkànnì òfófó, ìkànnì gbàǹjo àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é dáadáa. Nínú CircleMUD, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọmọ DikuMUD, igbe kan wà tí kì í kọjá agbègbè tí ẹni tó ké e wà, òmíràn sì wà tí gbogbo ayé ń gbọ́, èyí tí ẹni tó ń ké e yóò san láti inú okun tó fi ń rìn. Bí ó bá ti rìn títí tí okun tán lára rẹ̀, kò sí igbe mọ́ àfi tó bá sinmi. Ó dùn mọ́ mi nínú gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, nítorí ó fi hàn pé àwọn tó kọ ọ́ ka ohùn sí ohun tó ń ti ara jáde, tó sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìkànnì tí wọ́n fẹ́ ṣí fún wa kò ní ìwọ̀n kankan.

Bartle fúnra rẹ̀ kọ àpilẹ̀kọ kan lọ́dún 1996 tí àwọn tó ń ṣe géèmù ṣì ń tọ́ka sí títí di òní, níbi tó ti pín àwọn eléré sí ọ̀nà mẹ́rin: àwọn tó ń lépa àṣeyọrí, àwọn tó fẹ́ mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ayé géèmù, àwọn tó wá nítorí ẹgbẹ́ àti ọ̀rọ̀ sísọ, àti àwọn tó wá fi ìyà jẹ ẹlòmíràn. Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń fò nínú rẹ̀ ni pé ó ka fífi ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ kún géèmù mọ́ àwọn ohun tó ń fa géèmù kúrò lọ́dọ̀ ayé rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Géèmù tiwa ti wà lọ́dọ̀ ayé rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i. Oṣooṣù ni ẹni tó ni ín ń kọ ibi tuntun tí a kò dé rí, ìyẹn gan-an sì ni a ń tìtorí rẹ̀ padà wá. Bí a bá gbé òṣùwọ̀n náà sí ìhà kejì, ó ṣeé ṣe kí a rí géèmù tó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a ní yìí.

Ọ̀ràn kan tún wà tí n kò tíì rí ẹni tó mẹ́nu bà láti ọjọ́ tí àríyànjiyàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn afọ́jú wà lára wa. Géèmù ọlọ́rọ̀ wà lára ìwọ̀nba géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lè gbá láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣàánú wọn, nítorí ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè yóò ka gbogbo ohun tó bá hàn lójú kọ̀ǹpútà fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í fi ojú fo ìlà. Èmi lè wo òfófó fìrí kí n sì fò ó; ẹni tó ń fi etí kàwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó lè dá ẹ̀rọ lẹ́kun. Ọ̀kan lára àwọn tí a jọ ń jagun, tí kò ríran láti ìgbà èwe rẹ̀, sọ fún mi pé òun fi irú géèmù bẹ́ẹ̀ kan sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun kú lójú ìjà nígbà tí ẹ̀rọ òun ṣì ń ka àwàdà àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gbá géèmù ọlọ́rọ̀, bíi Mudlet, lè kó ìtàkùrọ̀sọ lọ sí fèrèsé ọ̀tọ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ojú ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì lásán ni a ti ń gbá tiwa, fèrèsé kan ṣoṣo ni ó sì ní.

Ta ni yóò máa ṣọ́ ìkànnì náà? N kò ní pẹ́ lórí èyí, nítorí gbogbo ẹni tó ti lo íntánẹ́ẹ̀tì rí mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbi tí àjèjì bá ti ń bá àjèjì sọ̀rọ̀ láìsí alábòójútó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Riot Games, tó lówó tó sì ní òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ, kéde pé òun yóò pa ọ̀rọ̀ sísọ láàárín ẹgbẹ́ méjì tó ń bára wọn figagbága nínú géèmù rẹ̀, League of Legends, nítorí èébú. Ẹnì kan ṣoṣo ló ni géèmù tiwa, ó sì ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ní ọ̀sán.

Èyí mú mi rántí Urban Dead. Géèmù ọlọ́rọ̀ ni, tí Kevan Davis ṣí lọ́dún 2005, ní ìlú kan tí àwọn alààyè ti ń sá fún òkú tó ń rìn. Bí wọ́n ṣe ṣètò ọ̀rọ̀ sísọ níbẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo géèmù tí mo mọ̀. Bí o bá sọ̀rọ̀, àwọn tí ẹ jọ wà níbì kan náà ló ń gbọ́. Bí o bá fẹ́ fi fóònù pe ẹni tó jìnnà, ó di dandan kí iná wà lára òpó fóònù àdúgbò náà, èyí sì túmọ̀ sí pé ẹnì kan ní láti gbé jẹnẹrétọ̀ lọ síbẹ̀, kí ó sì rọ epo sí i. Rédíò wà pẹ̀lú. Àwọn òkú kò tilẹ̀ lè sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá kọ́ ọ, lẹ́tà mélòó kan péré ni wọ́n sì lè lò, débi pé àwọn eléré fi lẹ́tà bíntín wọ̀nyẹn hun èdè kan fún ara wọn. Àìlèsọ̀rọ̀ ló bí èdè náà. Bí wọ́n bá ti fún wọn ní ìkànnì gbogbogbò lọ́jọ́ kìíní, ẹnikẹ́ni kì bá tí ronú kàn án. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2025, Davis ti géèmù náà pa nítorí òfin ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ilẹ̀ Bìrìtìkó ṣe ní 2023, èyí tó fi iṣẹ́ púpọ̀ lé ẹnikẹ́ni tó bá fún àwọn ènìyàn láyè láti bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó mílíọ̀nù 18 pọ́n-ùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ sísọ tó wà nínú Urban Dead bá lè kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ẹnì kan lórí, n kò rò pé ó yẹ kí a máa ti ẹni tó ni tiwa láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé èyí tó wúwo jù ú lọ.

Síbẹ̀, n kò ní purọ́ pé ìdákẹ́jẹ́ kì í pa géèmù. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí mo lò nínú géèmù yìí, n kò pàdé ẹnikẹ́ni. Mo ń rìn láti yàrá dé yàrá, mo ń ka ọ̀rọ̀ dáradára, mo sì rò pé gbogbo ènìyàn ti lọ tipẹ́, pé èmi nìkan ni mo ṣẹ́kù sí ilé tí onílé ti gbàgbé iná títàn sí. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹnì kan tó gba ẹnubodè kọjá ní òru ọjọ́ kan, tó sì dúró kí mi, ni mo fi wà níbẹ̀ dòní. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ dé kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti lọ. Àwọn àgbà inú géèmù ń sọ̀rọ̀ tiwọn lórí Discord, ìkànnì ìtàkùrọ̀sọ tí kò sí nínú géèmù, níbi tí wọ́n ti ń ṣètò ogun tí wọ́n sì ti ń dá iye owó nǹkan, tí ẹni tuntun yóò kàn máa ṣe kàyéfì ìdí tí ọjà fi gbówó lórí lọ́wọ́ kan. Ìyẹn kò dára, ó sì jẹ́ ìdí tó lágbára jù lọ tí mo ti gbọ́ fún ṣíṣí ìkànnì náà.

Fún ìdí yìí, mo kọ̀wé ránṣẹ́ sí ẹni tó ni géèmù pé kí ó ṣí ohun tó kéré sí èyí tí ó dábàá. Kí ìkànnì ìbéèrè kan wà fún ẹni tí kò tíì pé oṣù kan, tí àwọn àgbà tó bá fẹ́ láti ṣèrànwọ́ nìkan yóò máa gbọ́. Kí iye àwọn tó wà nínú géèmù lásìkò náà máa hàn ní ẹnubodè, kí àlejò lè mọ̀ pé ilé kò ṣófo. Bí a bá sì fẹ́ ohùn tó ń rìn jìnnà, kí a kọ́ ọ sínú ayé náà: ilé ìṣọ́ kan tó ní agogo lórí òkè, tí ènìyàn yóò gùn dé kí ó tó lè kéde ohunkóhun, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Kingdom of Loathing, géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ti wà láti 2003, máa ń ní kí ènìyàn yege nínú ìdánwò ọ̀rọ̀ kíkọ kí ó tó wọ ìtàkùrọ̀sọ rẹ̀. Àwàdà ni wọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ ẹnubodè.

Ìbò yóò parí ní ọjọ́ Àìkú, ó sì dà bí ẹni pé àwọn tó fẹ́ ìkànnì náà pọ̀ jù wá lọ. Bí wọ́n bá borí, n kò ní kúrò. Mo ti bi ẹni tó ni géèmù ohun kan ṣoṣo, ìyẹn bóyá títì ni ìkànnì náà yóò wà nígbà tí ènìyàn bá kọ́kọ́ wọlé tàbí ṣíṣí, ó sì dá mi lóhùn pé òun kò tíì ronú débẹ̀.