Ẹ Kọ́kọ́ Wo Iléèwé Kí Ẹ Tó Gba Olùdámọ̀ràn

Ọ̀rọ̀ olùdámọ̀ràn tí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ wa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn fẹ́ gbà, kó lè bá wọn ṣètò ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ fún àwọn iléèwé ìjọba, ti gba gbogbo ìlú Abẹ́òkúta kan, láti Kútọ̀ dé Láfẹ́ńwá. A kò ní í tún ìròyìn náà rò. Ẹni tó bá ka ìpolówó iṣẹ́ náà ti rí i fúnra rẹ̀: wọ́n ń wá ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, tó lè kọ àbọ̀ tó já gaara, tó sì lè parí gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Kò síbi tí wọ́n ti ní kí ẹni náà ti dúró níwájú ọmọ iléèwé rí. Kò sì síbi tí wọ́n ti dárúkọ ẹni tí yóò dáhùn bí ètò náà bá forí ṣánpọ́n.

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń sọ kò yí padà látìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ti wọ àwọn iléèwé wa. Ẹ ka iye ohun tó wà nílẹ̀ ní àwọn iléèwé, ẹ gbé e síta kí gbogbo èèyàn rí i, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ètò tuntun. Wọ́n gbọ́. Wọn kò ṣe é. Nísinsìnyí, owó fẹ́ jáde, ìwé ni wọ́n sì fẹ́ fi rà, ìwé tí yóò sọ fún wa bí a ṣe máa ná owó mìíràn.

Kíkà tí a ń wí kò le. Iléèwé wo ni iná dé? Wákàtí mélòó ni iná náà ń wà láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán tí àwọn ọmọ wà nínú kíláàsì? Yàrá wo ni òrùlé rẹ̀ kò jò, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe é tì, tí olè kò lè gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé? Níbo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé dáadáa? Tíṣà mélòó ló mọ kọ̀ǹpútà lò débi tó lè fi kọ́ ẹlòmíràn? Àwọn kọ̀ǹpútà tí ìjọba, àwọn aṣòfin, ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ọmọ iléèwé àtijọ́ ti kó wá bọ̀ láti ọdún gbọọrọ, níbo ni wọ́n wà? Mélòó ló ń ṣiṣẹ́ nínú wọn? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ yàrá wọn wà?

Ìjọba ìbílẹ̀ 20 la ní ní ìpínlẹ̀ yìí, akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ sì wà fún wọn. Ọ̀gá iléèwé kan ní Ọ̀dẹ̀dá lè kọ ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí sórí tákàdá kan kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Bí olùdámọ̀ràn bá dé, ohun tí òun náà máa kọ́kọ́ ní kí wọ́n kó wá fún òun nìyẹn. A ó wá máa fi owó ìlú sanwó fún ẹni tó wá béèrè ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yẹ kó ti mọ̀ tipẹ́. Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí ló dé tí àwọn aláṣẹ wa kò fẹ́ wo ilé? Ẹ̀rù kí ló ń bà wọ́n nínú àkọsílẹ̀ tí ará ìlú bá lè kà?

Ẹ jẹ́ ká mú iná nìkan, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ń kú sí. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan pẹ̀lú ojú rẹ̀ lè gba 150 wáàtì. Bí 30 irú rẹ̀ bá wà nínú yàrá kan, ó ti di 4,500 wáàtì kí ẹnikẹ́ni tó tan fáànù. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń lò nílé kò lè gbé e, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ iye tí yóò máa ti ara epo lọ. Láptọ́ọ̀pù 30 tó ń gba 50 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan kò ju 1,500 wáàtì lọ, sólà tó mọ níwọ̀n sì lè gbé ìyẹn. Ohun tó ń jẹ́ kí yàrá kan máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì ti èkejì pa, lè má ju ìṣirò yìí lọ. Bátìrì sólà pàápàá kì í ṣe ohun tí a ń rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Irú èyí tí a mọ̀ mọ́ ínfátà tẹ́lẹ̀ kì í sábà kọjá ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ti lithium ló ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì wọ́n. Ètò ọlọ́dún mẹ́wàá tí kò bá kọ owó bátìrì kejì sílẹ̀, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, ìbáà jẹ́ ọ̀mọ̀wé láti ibikíbi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti owó iná. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí owó iná Band A, ìyẹn ti àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ó kéré tán 20 wákàtí lójúmọ́, ti fò sókè, ta ni yóò máa san án fún yàrá kọ̀ǹpútà? Ṣé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni? Ṣé ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Ìtókú ni yóò tún máa dáwó iná iléèwé ìjọba tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni?

Kì í ṣe orí wa ni irú ọ̀rọ̀ yìí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ lára ẹ̀yin òǹkàwé wa á rántí láptọ́ọ̀pù kékeré aláwọ̀ ewé tí ẹgbẹ́ One Laptop per Child gbé jáde fún àwọn ọmọ iléèwé láti Amẹ́ríkà. Ìgbà tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ ìlú wa yìí, wà lórí àléfà ni Nàìjíríà sọ pé òun máa ra mílíọ̀nù kan. Wọ́n dán an wò níléèwé kan ní Galadima, ní Àbújá, ní ọdún 2007. Ìjọba yí padà lọ́dún náà, mílíọ̀nù kan náà kò sì dé mọ́. Orílẹ̀-èdè Peru ní tiwọn rà á, ó lé ní 800,000. Nígbà tí Inter-American Development Bank, báńkì ìdàgbàsókè fún agbègbè Látìn Amẹ́ríkà, gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2012, wọn kò rí i pé àwọn ọmọ tó gba ẹ̀rọ náà mọ ìṣirò tàbí èdè ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ẹ̀rọ wọ kíláàsì, ẹ̀kọ́ inú kíláàsì wà bó ṣe wà. Ìmúrasílẹ̀ àwọn tíṣà kò tó, ọ̀pọ̀ iléèwé abúlé ibẹ̀ ni kò sì ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Kẹ́ńyà náà ṣèlérí láptọ́ọ̀pù fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní ọdún 2013. Ẹjọ́ lórí ẹni tí yóò gba kọ́ńtíráàtì fà á títí wọ ọdún 2016. Ohun tó yẹ ká kọ́ lára wọn ni pé wọ́n fa iná dé àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri kí ẹ̀rọ tó dé. Bí wọn ò bá tilẹ̀ rí nǹkan mìíràn jẹ nínú ètò náà, iná wà níléèwé.

Kò yẹ kó jẹ́ pé Nairobi la máa lọ ká tó gbọ́n. Ọ̀ṣun wà nítòsí. Ní ọdún 2013 ni gómìnà ìgbà náà, Ọ̀gbẹ́ni Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gbé Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì ìkẹ́kọ̀ọ́, jáde fún àwọn ọmọ iléèwé girama àgbà; 150,000 ni wọ́n ní àwọn fẹ́ pín. Ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò tó ti kọjá wà nínú rẹ̀. Àwọn tíṣà tó lò ó nínú kíláàsì wà lágbègbè wa níbí. Wọ́n mọ èyí tó ṣàǹfààní níbẹ̀, wọ́n mọ èyí tó bàjẹ́ àti ohun tó bà á jẹ́, wọ́n mọ bí àwọn ọmọ ṣe ń rí iná fi ṣájì rẹ̀ nílé. Èwo nínú àwọn aláṣẹ wa ló ti wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo kó lọ bá wọn jókòó? Ìpínlẹ̀ Edo ńkọ́? Ní ọdún 2024, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn ọmọ iléèwé girama kan ní ìlú Benin fi ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá (AI) kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn iléèwé. Báńkì Àgbáyé, tó wà nídìí ìdánwò náà, sọ pé wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò kópa lọ. Tíṣà wà nínú yàrá náà pẹ̀lú wọn, ó ń tọ́ wọn sọ́nà. Apá ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń polówó ẹ̀rọ kì í fẹ́ sọ.

Àpẹẹrẹ ti ilẹ̀ wa gan-an wà nílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1952, Stephen Awókòyà, ọmọ Àwà-Ìjẹ̀bú, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn. Olùkọ́ ni. Òun ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó, kó tó wọ ìjọba. Ọdún méjì ààbọ̀ ni wọ́n fi múra. Wọ́n ń kọ́ yàrá, wọ́n ń kọ́ àwọn tí yóò di tíṣà, wọ́n ń jà lórí ibi tí owó yóò ti wá. Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀, iye ọmọ tó wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì lé ní 800,000 lọ́dún náà. Àṣìṣe wà níbẹ̀: àwọn ọmọ tó wá forúkọ sílẹ̀ ju iye tí wọ́n fojú sí lọ fíìfíì, tíṣà tó kọ́ṣẹ́ ìkọ́ni kò sì tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wàhálà dé, ará ìlú mọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa bi. Ọmọ ìlú ló kọ ètò náà, orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń jókòó nínú ilé aṣòfin níbi tí wọ́n ti lè dojú ìbéèrè kọ ọ́.

Olùdámọ̀ràn tí wọ́n ń wá yìí, tó bá fi àbọ̀ rẹ̀ lélẹ̀ tán, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn. Wọn á ṣe ìpàdé ìfilọ́lẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, àwọn ọ̀gá á ya fọ́tò, ìwé á wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí ọmọ kan ní Ìpókíà bá jókòó síwájú ẹ̀rọ tí kò tàn, ta ni yóò lọ bá?

Àwọn tó lè kọ ètò náà kò sì jìnnà. Iléèwé gíga àwọn olùkọ́ wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀, FUNAAB, yunifásítì ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, wà níbí, yunifásítì ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi orúkọ Tai Solarin pè wà ní Ìjagun. Ní ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà ti iléèwé pa, àwọn tíṣà tiwa ló kọ́ àwọn ọmọ láti orí tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ OgunDigiClass. Ìrírí yẹn nìkan tó láti kọ orí méjì nínú ètò tuntun: irú ilé wo ni ọmọ ti rí ẹ̀kọ́ náà wò, irú ilé wo ni kò ti rí i, iṣẹ́ wo ló wọ àwọn ọmọ lọ́kàn? Ẹ pe àwọn tíṣà wọ̀nyẹn jókòó, ẹ sanwó fún wọn bí ẹ ṣe fẹ́ sanwó fún àlejò.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ fi ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 hàn pé ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń ṣe dáadáa, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ìpolówó náà kò mẹ́nu ba Yorùbá rárá. Kí ni ọmọ ọdún mẹ́fà ní Ìmẹ̀kọ fẹ́ fi ẹ̀rọ tí kò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ ṣe?

A kò sọ pé olùdámọ̀ràn kò wúlò níbì kankan. Ẹni tó mọ iye tí sólà àti ẹ̀rọ ń jẹ́ lọ́jà àgbáyé lè gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn tó ń fowó lérí. Amòfin tó mọ òfin ìdáàbòbò dátà tọdún 2023 lè rí i pé ilé-iṣẹ́ tó bá ta ẹ̀rọ fún wa kò kó orúkọ àti máàkì àwọn ọmọ wa lọ. Iṣẹ́ kéékèèké tó lójútùú nìwọ̀nyí, a lè gba èèyàn fún wọn. Àmọ́ kí a gbé odidi ètò ẹ̀kọ́ ọmọ wa lé àlejò lọ́wọ́ kí ó tó mọ iye iléèwé tó ní iná, ìyẹn la ní kò gbọdọ̀ wáyé.

Nítorí náà, ẹ dá ìgbésẹ̀ náà dúró. Ẹ gbé ìwé iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí olùdámọ̀ràn ṣe síta, pẹ̀lú iye owó rẹ̀. Ẹ ka ohun tó wà ní iléèwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lẹ àbájáde rẹ̀ mọ́ ojú pátákó ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn òbí lè sọ èyí tó bá jẹ́ irọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí kọmíṣánnà fọwọ́ ara rẹ̀ sí ètò tó bá jáde, kí ó sì wá gbèjà rẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Òkè-Mọ́sàn.

Àwa náà ti ṣe tiwa. Lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn tọdún 2011, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé ó de ìjọba ìpínlẹ̀ náà, a ti kọ̀wé béèrè fún àkọsílẹ̀ gbogbo kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti kó lọ sí iléèwé ìjọba ní Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀, pẹ̀lú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà báyìí. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn. Ohun tí wọ́n bá fún wa la máa tẹ̀ jáde lójú ewé yìí, bí wọn kò bá sì fún wa ní nǹkan kan, ìyẹn náà la máa tẹ̀.