Kì í ṣe torí bọ́ǹbù ni wọ́n ṣe dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀

Wọ́n á ní àwọn ológun Amẹ́ríkà ló ṣe íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè máa gbọ́ra wọn bí Rọ́ṣíà bá tilẹ̀ ju bọ́ǹbù átọ́míìkì lù wọ́n. Ìtàn náà dùn ún gbọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni pé ARPA, ẹ̀ka iléeṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà, ló sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń da Bob Taylor láàmú lọ́dún 1966, nígbà tó ń darí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ní Pentagon, oríléeṣẹ́ ètò ààbò náà: ọ̀kan fún kọ̀ǹpútà yunifásítì MIT, ọ̀kan fún ti yunifásítì Berkeley, ẹ̀kẹta fún èyí tó wà ní ìlú Santa Monica. Tó bá ti parí pẹ̀lú MIT, tó fẹ́ kàn sí Berkeley, àfi kó dìde lọ sídìí ẹ̀rọ mìíràn, torí àṣẹ ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ń gbọ́. Kí ló dé tí ẹ̀rọ kan ò fi ní lè dé gbogbo ibẹ̀? Bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà ìgbà náà wọ́n bí ojú, gbogbo àwọn olùwádìí tí ARPA ń ràn lọ́wọ́ ló sì ń béèrè tiwọn. Taylor ní kí wọ́n so wọ́n pọ̀, kí wọ́n jọ máa lò ó. Charles Herzfeld, ọ̀gá rẹ̀, fọwọ́ sí mílíọ̀nù kan dọ́là. Bí ARPANET, ìyá íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Níbo wá ni bọ́ǹbù ti wọ̀ ọ́? Ọ̀dọ̀ Paul Baran ní RAND, iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ni. Òun ló kọ ọ́ lọ́dún 1964 pé kí wọ́n gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan wá ọ̀nà tirẹ̀ gbà, kí ológun lè máa gbọ́ra wọn lẹ́yìn ogun átọ́míìkì. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ wọn ò ṣe é jáde. Donald Davies nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ronú kan ohun kan náà lọ́dún 1965 láìmọ̀ nípa Baran, ti bọ́ǹbù ò sì sí lọ́kàn tirẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Davies ló wá júwe ìwé Baran fún Larry Roberts, tó ń ṣètò ARPANET, lọ́dún 1967. Owó ti jáde kó tó gbọ́.

Ẹ tún wo bí ARPANET ṣe rí níparí 1969. Ibùdó mẹ́rin péré ni: yunifásítì UCLA, iléeṣẹ́ ìwádìí SRI, yunifásítì Santa Barbara àti ti Utah. Wáyà kan ṣoṣo, láti SRI, ló so Utah mọ́ àwọn yòókù. Bí wáyà yẹn bá já, Utah ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn, láìsí bọ́ǹbù kankan.