Ta Ni Wọ́n Fi Ṣe Yẹ̀yẹ́?

Wákàtí mẹ́rìnlélógún péré ni ìjọba fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan kó fi gbé ètò púráńkì rẹ̀, àwàdà tí wọ́n fi ń tan èèyàn, kúrò lórí afẹ́fẹ́. Nínú ètò náà, àwọn ọmọ kan díbọ́n bí aláṣẹ ìjọba, wọ́n tan òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan pé owó rẹ̀ ti dé. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu wa lórí ètò yẹn, a ó sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà ìjọba la ó kọ́kọ́ mú. Ó ti pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ti ń kọ̀wé, tí ẹnikẹ́ni ò dá wọn lóhùn. Ará ìlú fi aláṣẹ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ìwé fi jáde. Ṣé ọwọ́ ìjọba yá tó báyìí ni?

Ẹni tó kọ lẹ́tà náà kì í ṣe adájọ́. A ti sọ ọ́ lójú ìwé yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kódà NBC, àjọ tí òfin gbé kalẹ̀ láti máa bójú tó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábùújá sọ fún un lóṣù karùn-ún ọdún 2023 pé kò láṣẹ láti máa bu owó ìtanràn lé rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Bí NBC ò bá lè dá ẹjọ́, báwo ni ọ́fíìsì tí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ gan-an ṣe máa dá a? Wọ́n tún ń fi òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì dẹ́rù ba àwọn ọmọ tó ṣe ètò náà. Kí wọ́n lọ tún un kà. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún abala 24 rẹ̀ ṣe lọ́dún 2024, yàtọ̀ sí àwòrán ìhòòhò àti ìhàlẹ̀ mọ́ni, irọ́ tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ pa láti fi da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ẹlòmíì sínú ewu ló kù níbẹ̀. Ìtìjú aláṣẹ kò sí níbẹ̀.

Ọba kì í pa ọ̀kọrin. Lọ́dún 1826, l'Ọ́yọ̀ọ́ Ilé, àwọn eléré ṣe bí òyìnbó níwájú Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó kan, òyìnbó náà wò ó, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni kò lè fara dà á: lọ́dún 1964, wọ́n fòfin de Hubert Ògúǹdé nítorí eré Yorùbá Ronú. Ìjọba ọ̀hún ti lọ. Àwọn èèyàn ṣì ń dárúkọ eré náà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ tàwọn ọmọ wa náà. Gbogbo ayé ló ń rí agọ̀ alárìnjò. Ẹni tí wọ́n fi ń ṣeré mọ̀ pé eré ni. Púráńkì, ṣe ló ń fi agọ̀ pa mọ́. Wọ́n wọ agbádá, wọ́n fi sáírẹ́ẹ̀nì wọlé, wọ́n ní owó ìfẹ̀yìntì ti dé láti Àbújá, wọ́n sì mú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Bàbá kan tó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé kí wọ́n tó bí ọmọ alágbàádá yẹn tú fáìlì rẹ̀ sílẹ̀, ó ń dúpẹ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún un. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé ohùn ẹ̀rín sí i. Wọ́n ní ìjọba làwọn ń bá wí. A gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rò ó. Ojú ta wá ni kámẹ́rà ń wò?

Ẹ wo Ọsirélíà. Lọ́dún 2007, àwọn aláwàdà tẹlifíṣọ̀n kan to ọkọ̀ ayédèrú bíi ti ìjọba Kánádà, wọ́n fi kọjá ẹ̀ṣọ́ aláàbò ní Sydney, títí dé ìtòsí òtẹ́ẹ̀lì tí ààrẹ Amẹ́ríkà dé sí. Wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ́n, wọ́n sì wọ́gi lé ẹ̀sùn náà lọ́dún 2008. Ẹ̀ṣọ́ ìjọba ni wọ́n tú àṣírí rẹ̀. Lọ́dún 2012, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò méjì láti Sydney kan náà pe ọsibítù kan ní London, wọ́n díbọ́n bí ọbabìnrin àti ọmọ rẹ̀, rédíò sì gbé ohùn àwọn tó dáhùn jáde láìgba àṣẹ lẹ́nu wọn. Nọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ gbé ìpè náà gbẹ̀mí ara rẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan sí i. Kò sí aláṣẹ kankan tí púráńkì yẹn bá.

Ohun tí a ń bèèrè kò ṣòro. Aláṣẹ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìlú, ẹ fi ṣẹ̀fẹ̀, abala 39 òfin orílẹ̀-èdè wa, tó fúnni lómìnira ọ̀rọ̀ sísọ, wà lẹ́yìn yín. Ẹni tí kò di ipò kankan mú, abala 37 ń dáàbò bo ìgbé ayé tirẹ̀ náà. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yàwòrán rẹ̀ tán, ẹ jókòó tì í, ẹ jẹ́ kó wò ó látòkèdélẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́nu rẹ̀ lédè tó gbọ́. Bó bá ní rárá, ẹ yọ ọ́. Kí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà yọ fídíò yìí kúrò lórí Facebook lónìí, kí àwọn ọ̀gá wọn, kì í ṣe àwọn ọmọ nìkan, lọ sílé bàbá yẹn lọ bẹ̀ ẹ́. Kí ìjọba gba lẹ́tà rẹ̀ padà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dùn nínú wọn, kó lọ sí kóòtù.

Fọ́ọ̀mù tí ọmọ yẹn fún bàbá ṣì wà nínú fáìlì rẹ̀. Ìjọba tó yára kọ lẹ́tà yìí, kó kọ òmíràn sí bàbá, kó sì fi ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa jáde sínú rẹ̀.