Jíjó nìkan kọ́ ló kù fún bébà

Bí wọ́n bá ń ṣáná sí pàǹtí lẹ́yìn ilé, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé, "Níbo la fẹ́ gbé e lọ? Kò kúkú sí ilé-iṣẹ́ tó ń tún bébà ṣe nítòsí." Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ ìlú wa ò ní in. Irọ́ ibẹ̀ ni pé bébà ò wúlò mọ́ nítorí ìyẹn.

Ṣebí igi ni wọ́n fi ń ṣe bébà. Olú, ekòló àti kòkòrò tójú ò rí tó ń jẹ ẹ̀ka tó bá wó nínú igbó, àwọn náà ló máa jẹ páálí. Bí ẹ bá ń da èèpo iṣu àti ẹ̀fọ́ tó ti rà jọ lásán láti fi ṣe ajílẹ̀, á ṣomi, á máa rùn, eṣinṣin á bò ó. Ẹ ya páálí wẹ́wẹ́ sí i, á fa omi náà mu. Kábọ́ọ̀nù bíi 25 sí 30 sí náítírójìn 1 ni ajílẹ̀ ń fẹ́: bébà ló ní kábọ́ọ̀nù, èèpo tútù ló ní náítírójìn.

Èyí tó wù mí jù ni fífi páálí pa koríko. Ẹ tú páálí, ẹ bó sẹ́lótéèpù kúrò, ẹ tẹ́ ẹ sórí koríko kí etí kan gun èkejì, ẹ bomi rin ín, ẹ wá da ewé gbígbẹ lé e. Koríko tí ò róòrùn kò ní lè hù. Àmọ́ ẹ jìnnà sí ògiri àti férémù ilẹ̀kùn o, ikán ò kọ páálí!

Àwọn kan ń bẹ̀rù láti fi ìwé ìròyìn ṣe ajílẹ̀ nítorí yíǹkì dúdú rẹ̀. Èéfín dúdú àti òróró ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ìwé ìròyìn yìí kan náà la fi ń di àkàrà gbígbóná, níbi tí epo ti ń fa yíǹkì náà wọnú ohun tí à ń jẹ.

Risíìtì POS ló yẹ ká bẹ̀rù. Ẹ fi èékánná ha á kíákíá. Bí ìlà dúdú bá yọ, kẹ́míkà ni wọ́n fi pa á lára, BPA tàbí BPS, ìyẹn kẹ́míkà tó lè pa ara lára, sì wà nínú ọ̀pọ̀ irú risíìtì bẹ́ẹ̀. Kó má dé inú ajílẹ̀. Ife bébà àti páálí júùsì náà ò yẹ níbẹ̀: ẹ ya á, ẹ máa rí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ létí ibi tó ti ya.

Ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ékòó, àwọn kan ń ra páálí ní kílò. Ẹ má jẹ́ kí òjò pa á, ẹ má sì jẹ́ kí epo kàn án, torí wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ yín.